Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé àwòrán náà kúrú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá lórí èdè wa. Bradford nílùú Ọba ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Orí fóònù ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àbúrò mi obìnrin tó wà n'Íbàdàn ló máa ń ya fọ́tò ojú ewé tó bá wù ú ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, torí náà ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti sọ tipẹ́ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́dọ̀ mi, ẹ má bínú sí i. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí ni àwòrán kan tẹ́ ẹ gbé jáde, iṣẹ́ ọwọ́ David Hockney, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti lẹ́tà tí òǹkàwé kan wá kọ tẹ̀lé e pé ọkùnrin náà kàn jí ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà ni, ó fi iPad yà á, ó wá ń kó owó jọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mi ò mọ Hockney rí o, mi ò sì pàdé ẹ̀ rí, àmọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, mo fojú ara mi rí i, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn ín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ò rí i. Èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ nìkan ló rí, èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn gan-an sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ.

Àwòrán náà gùn ju 90 mítà lọ. A Year in Normandie ni wọ́n ń pè é, ọdún kan gbáko ní Normandie tó wà lápá àríwá ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀yin wá gé igi kan ṣoṣo nínú ẹ̀, igi kan àti koríko díẹ̀, ẹ fi sínú àpótí tí ò tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé iṣẹ́ Hockney rèé. Ó dà bí ìgbà tẹ́ni kan mú ìlà kan ṣoṣo nínú oríkì orílẹ̀ kan, tó ní oríkì náà nìyẹn. Ta ló máa gbọ́ ọ tó máa mọ ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ jó? Ẹni tó rí igi kan ṣoṣo yẹn, kò lẹ́bi tó bá ní ọmọ kékeré náà lè yà á.

2022 ni mo rí i, ní Saltaire, ìlú kékeré kan tó fẹ̀gbẹ́ kan Bradford níbí. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oorun wà lójú mi, àmọ́ ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń pọ́n mi lójú láti ọ̀sẹ̀ méjì pé kí n lọ wò ó. Ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Salts Mill ló wà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi irun ẹran hun aṣọ nígbà kan rí, Titus Salt ló ṣí i ní 1853, wọ́n wá ti í pa ní 1986, lọ́dún tó tẹ̀lé e ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonathan Silver rà á tó sọ ọ́ di ibi àwòrán. Ẹ jẹ́ kí orúkọ Silver yẹn dúró sọ́kàn yín, mo ṣì ń padà bọ̀ lórí ẹ̀. Òkè pátápátá lábẹ́ òrùlé ni wọ́n tẹ́ àwòrán náà sí, mo gun àtẹ̀gùn títí orúnkún fi ń pariwo.

Mo wọlé, mo rí ìlà àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kàn ń lọ ni, kò dúró. Ìgbà òtútù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn igi wà níhòòhò. Mo rìn díẹ̀, ewé tútù ti ń yọ ṣóńṣó. Mo rìn síwájú sí i, òdòdó funfun bo igi títí kò séwé mọ́, ilé kan jáde, ọ̀nà kan yà, odò kékeré kan, lẹ́yìn ìyẹn òjò dé. Ibi òjò yẹn ni mo dúró sí pẹ́ jù. Adágún omi kékeré kan ni, òjò ń kán sí i, gbogbo ibi tí òjò kán sí ló ya róbótó róbótó, òmíràn tóbi òmíràn kéré, wọ́n ń wọnú ara wọn, bó ṣe máa ń rí gan-an tí òjò bá ń rọ̀ sínú agbada tí wọ́n gbàgbé síta. Ìlà lásán ló fi yà á o, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí idán kankan níbẹ̀, síbẹ̀ etí mi ń gbọ́ òjò. Mo tún ń lọ, oòrùn mú, wọ́n ti di koríko gbígbẹ sínú pápá, ewé pọ́n, ewé já, igi tún wà níhòòhò, yìnyín bolẹ̀. Ọdún kan ti parí, àwọn ẹsẹ̀ mi ló fi rìn ín. Kò síbi kan téèyàn lè dúró sí nínú yàrá yẹn tó máa rí gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ, torí ibẹ̀ yẹn gan-an ni ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà wà, kò sí nínú igi, kò sì sí nínú koríko.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ màmá mi díẹ̀. Wọ́n ta aṣọ ní Gbági fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí oníbàárà bá dé, màmá mi kì í tú gbogbo aṣọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á gbé ìdì aṣọ lé itan, wọ́n á fọwọ́ kan di èyí tó ṣì ká mú, wọ́n á fi ìkejì fà á jáde, ìwọ̀n apá kan péré, wọ́n á dúró. Oníbàárà á wò ó, á fọwọ́ pa á, á gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ìgbà tí ojú ẹ̀ bá kúrò níbẹ̀ ni màmá mi á tó fà á sí i, èyí tí wọ́n ti wò á sì máa ṣẹ́ po sápá kejì. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹni yẹn rí gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò tíì rí nǹkan kan. Ọmọ ọdún bíi mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Ṣáínà ṣe ń wo àwòrán gígùn wọn láyé àtijọ́. Wọn kì í gbé e kọ́ ògiri. Kíká ló máa ń wà, bí ẹní, lórí aṣọ sẹ́dà tàbí pépà, tàdáwà àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń yà á, inú àpótí ló ń gbé. Tí àlejò pàtàkì bá dé ni wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á máa tú u láti ọ̀tún lọ sósì, ìwọ̀n apá kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n ti wò á máa ká jọ, ẹni tó ń wò ó ló sì mọ ibi tóun á ti dúró àti ibi tóun á ti yára. Ẹni tí àwòrán bá ti di tiẹ̀ á tẹ òǹtẹ̀ pupa ẹ̀ sí i lára, àwọn kan tiẹ̀ máa ń kọ ewì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí ọmọ ọmọ bá wá tú u lẹ́yìn 200 ọdún, á rí òǹtẹ̀ àwọn tó ti wò ó ṣáájú ẹ̀.

Shanshui lorúkọ tí wọ́n ń pe àwòrán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lédè wọn, shan ni òkè, shui ni omi, òkè àti omi nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò fi ṣeré rárá. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Guo Xi, àwòrán kan tó yà ní 1072 ṣì wà ní Taipei, ní Taiwan, títí dòní, ó ní àwòrán òkè kan wà téèyàn lè gbà kọjá, òmíràn wà téèyàn lè wò lókèèrè, òmíràn wà téèyàn lè máa rìn kiri nínú ẹ̀, òmíràn sì wà téèyàn lè máa gbé inú ẹ̀, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yẹn lòun kà sí jù. Ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ yẹn, àwòrán téèyàn lè máa gbé inú ẹ̀. Ṣáájú ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni Zong Bing, tó kú ní 443, ẹni tí ìfẹ́ òkè ò jẹ́ kó jókòó sílé, nígbà tí ara wá di ara àgbà tí àìsàn ò jẹ́ kó lè gùnkè mọ́, ṣe ló ya gbogbo òkè tó ti dé rí sára ògiri yàrá ẹ̀, ó lóun á máa fi ìdùbúlẹ̀ rìnrìn àjò. Mo máa ń rántí bàbá yẹn lẹ́nu iṣẹ́ mi.

Wàyí o, Hockney. Bradford tí mò ń gbé yìí ni wọ́n bí i sí ní 1937. Nígbà tó fi máa dé Ṣáínà ní 1981, ó ti lórúkọ, òun àti akéwì Stephen Spender ni wọ́n jọ lọ, wọ́n rìn ín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n dé Guilin níbi tí àwọn òkè ti dúró ṣánṣán létí omi bí ìgbà tí wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì ṣèwé jáde lórí ìrìn àjò náà ní 1982. Tó bá jẹ́ pé olè ni lóòótọ́, ìgbà yẹn ni ì bá jí i. Ṣe ni ì bá padà délé kó máa ya òkè Guilin àti ọparun àti ìkùukùu, kó máa tà á fáwọn olówó, ọ̀pọ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Kò ṣe é. Ẹ̀yìn ìgbà tó padà dé, láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ti àwọn àwòrán kíká yẹn ní àwọn músíọ̀mù, wọ́n ń tú u fún un, ó ń wò ó, ó ń kàwé lórí ẹ̀, ó tún padà lọ.

Èyí tó gbà á lọ́kàn jù lọ ni àwòrán ìrìn àjò ọba Kangxi. Ọba yìí rìnrìn àjò lọ sí gúúsù ilẹ̀ ẹ̀ ní 1689, ó ní kí wọ́n yà á, Wang Hui ló ṣe olórí fún àwọn ayàwòrán tó ṣiṣẹ́ náà, ìdì 12 ni gbogbo ẹ̀. Ìdì keje nìkan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 72, láti Wuxi dé Suzhou, lójú odò ńlá tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ yẹn. Ní 1988 Hockney àti Philip Haas ṣe fíìmù kan lórí ìdì yìí, Hockney ló ń tú u fúnra ẹ̀, ó ń fìka tọ́ ọ, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń mú yín rìn kọjá lọ́jà: ẹ wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá, ẹ wo ẹni tó ń rajà níbí, ẹ wo afárá. Kò tó wákàtí kan, ẹ wá a wò tẹ́ ẹ bá lè rí i.

Nínú fíìmù yẹn ló ti ṣàlàyé ohun tó rí, èmi náà á sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ní ilẹ̀ Ítálì, ní Florence, ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí ọgbọ́n kan, akọ́lé kan tó ń jẹ́ Brunelleschi ló kọ́kọ́ fi han ayé, pé kí gbogbo ìlà inú àwòrán máa sáré lọ pàdé ara wọn lójú kan lókèèrè, bí ojú irin reluwé ṣe máa ń rí téèyàn bá dúró láàárín ẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ dúró síbì kan, kó dijú kan, kó má mira. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà ṣe ń wo nǹkan. Àwa èèyàn ò kí ń wo nǹkan báyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọ ọjà, ojú yín ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ yíjú sẹ́yìn, ẹ tún padà síbi tẹ́ ẹ ti kọjá torí ẹnì kan pè yín. Wang Hui ò ní kẹ́ ẹ dúró síbì kankan. Ẹ rí òkè orí ilé, ẹ rí inú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti kọjá, ìlú ń tẹ̀lé yín lọ. Hockney wá gbé àwòrán Canaletto, ará Venice, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwòrán tó dáa ni, gbogbo ìlà ẹ̀ gún régé, àmọ́ ìta lẹ́ ẹ wà, ẹ ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé ni.

Ó tún fi nǹkan kan hàn níbẹ̀ tí ẹni tó pè é lólè ò ní fẹ́ràn láti gbọ́. Nígbà tí ọmọ ọmọ Kangxi, ìyẹn ọba Qianlong, máa ní kí wọ́n ya ìrìn àjò tiẹ̀ náà, ọgbọ́n ojú kan ti àwọn òyìnbó ti wọ ààfin. Xu Yang ló ya tiẹ̀, ó parí ẹ̀ ní 1770, àwọn ilé inú ẹ̀ ti ń sáré lọ sókèèrè bíi ti Ítálì. Lójú Hockney, nǹkan ti sọnù níbẹ̀, ọjà náà ò gbà yín láyè láti wọlé mọ́. Èmi ò ní sọ pé Xu Yang bàjẹ́ o, iṣẹ́ ẹ̀ dáa lójú mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ará Ṣáínà náà yá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó pe Xu Yang lólè, torí náà kí ló dé tó fi jẹ́ ti Hockney nìkan ló di olè?

Ẹ wá wo ohun tó fi ọgbọ́n náà ṣe. Ní 1985 ó ya àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mẹ́síkò, ẹ máa rìn yí àgbàlá náà ká ni, ẹ ò ní dúró. Ní 1986 ó to ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò pọ̀ di ọ̀nà mọ́tò kan ní aginjù California, fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ibi tó dúró sí yàtọ̀, kò séyìí tó jẹ́ ojú kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Jonathan Silver tí mo ní kẹ́ ẹ rántí. Ọ̀rẹ́ Hockney ni. Ní 1997 jẹjẹrẹ ti mú un, ó sì ti ń bẹ Hockney tipẹ́ pé kó ya ilẹ̀ Yorkshire, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. California ni Hockney ń gbé nígbà náà, ó padà wá torí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ilé ìyá ẹ̀ létí òkun ní Bridlington ló dé sí, ó ń wa mọ́tò kọjá àwọn òkè kéékèèké yẹn lọ wo ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń padà, lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ohun tó rí lójú ọ̀nà yẹn ló yà. Silver kú lọ́dún yẹn náà. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan nínú bọ́ọ̀sì, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni, pápá kan láwọ̀ ewé, èkejì bí àwọ̀ àgbàdo, tẹ́ ẹ bá wo àwòrán ẹ̀, ọ̀nà náà ń lọ́ bí ejò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ ò lè dúró sí ìsàlẹ̀, ojú yín á gùn ún. Ọgbọ́n Ṣáínà ló wà níbẹ̀. Kò sí òkè Ṣáínà kan níbẹ̀. Òkè ilé bàbá ẹ̀ ni.

Ó padà wá ń gbé Bridlington. Ní 2007 ó ya àwọn igi kan nítòsí abúlé Warter, kánfáàsì 50 ló tò pọ̀, ó gùn tó mítà 12, ó sì fi ta Tate, músíọ̀mù àwòrán ní London, lọ́rẹ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀fẹ́ ló fún wọn. Ẹni tí wọ́n ní ó ń kó owó jọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ó so kámẹ́rà mẹ́sàn-án mọ́ mọ́tò, ó ń rọra wà á kọjá nínú igbó Woldgate ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń wo ibi tiẹ̀. Ní 2019 ó ra ilé kan ní Normandie, ilé àtijọ́ tí igi eléso yí ká, kò pẹ́ sí i ni Kòrónà dé, gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn mọ́rí, òun náà ò rí ibi lọ, ló bá ń jáde sínú ọgbà pẹ̀lú iPad ẹ̀. Nǹkan bí 220 àwòrán ló so pọ̀ tó di ọ̀kan. Òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ fáráyé pé nǹkan méjì ló mú òun ṣe é báyẹn, àwòrán kíká àwọn ará Ṣáínà, àti aṣọ ńlá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí ní Bayeux, tí ò jìnnà sí ilé ẹ̀, aṣọ tó ti lé ní 900 ọdún, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 70, kò sí òjìji nínú ẹ̀, kò sì sí ojú kan tí àwọn ìlà ti ń pàdé.

Olè wo ló ń dúró sójú ọjà tó ń dárúkọ ẹni tóun jí nǹkan ẹ̀? Láti 1988 lọkùnrin yìí ti ń sọ ọ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ, ó ní àwọn ará Ṣáínà ló ni ín, pé nǹkan mẹ́ta ni ayàwòrán nílò, ọwọ́, ojú àti ọkàn, méjì ò tó. Níbi iṣẹ́ tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni o. Mo mọ àwọn kíà tọ́wọ́ wọn yá tójú wọn sì mú, tí àwọn arúgbó ò fẹ́ kí wọ́n wọlé àwọn.

Lórí ọ̀rọ̀ iPad, mo gbà pẹ̀lú òǹkàwé yẹn níbì kan. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ àwòrán Normandie yẹn dáadáa, tí imú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ẹ máa rí i pé àwọ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò mu wọ pépà bíi tàdáwà, ìlà kan àti ìkejì ò ní ìwúwo kan náà tí búrọ́ọ̀ṣì máa ń ní tó bá rin tó sì ń gbẹ lọ. Ẹni tó bá ti rí tàdáwà àwọn ará Ṣáínà lójú kòrókòró á mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n pé ọmọdé lè yà á, rárá o. Ọwọ́ ló fi fà á, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, níta gbangba, nínú òtútù, ẹni tó ti lé ní 80 ọdún.

Mo ya fídíò ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo kàn gbé fóònù sókè, mo ń rìn díẹ̀díẹ̀. Bàbá kan wà tí mò ń tọ́jú nígbà náà, òyìnbó ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà tọ̀sán tòru, fèrèsé yàrá wọn ò sì kọjú sí nǹkan kan ju ògiri ilé kejì lọ. Mo fi fídíò náà hàn wọ́n lálẹ́. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí àyà, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi òjò, wọ́n fìka kàn án kó dúró. Ìka wọn ń gbọ̀n, fídíò kọ́kọ́ sá lọ síwájú, mo bá wọn dá a padà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá ní kí n rọra gbé e padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kí àwọn tún bá òjò pàdé lójú ọ̀nà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ màmá mi tó yé mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá wà níṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n ń bèèrè fóònù, ibi tí wọ́n máa ń dúró sí ò sì jọra lálẹ́ kan sí ìkejì.

Torí náà Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ tún àwòrán náà tẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ní gígùn. Ẹ fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé, láti ojú ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, kí ẹni tó bá ń ṣí ìwé ìròyìn náà máa rìn lọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Hockney lẹ́ni tó ni ín, ẹ máa ní láti tọrọ àṣẹ, ó sì lè gba owó. Tí ìyẹn bá nira, ẹ lo ti Wang Hui. Ìdì kẹta ìrìn àjò Kangxi wà ní Metropolitan Museum ní New York, láti Ji'nan dé òkè Tai ni, ó gùn tó nǹkan bíi mítà 14, wọ́n ti gbé àwòrán ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́nikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé kìíní pé ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti máa ṣí i bọ̀, torí ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ji'nan á wà lẹ́yìn pátápátá, òkè Tai á wà níwájú.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Bradford